Ìlérí 2030 àti Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ Wa



Ní ọdún 2000, àwọn olórí ayé péjọ ní New York, wọ́n ní tí yóò bá fi di 2015, gbogbo ọmọ pátá ni yóò máa parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. 2015 dé, Nàìjíríà kò débẹ̀. Wọ́n tún dá ọjọ́ mìíràn: 2030. Ní Incheon, ilẹ̀ Kòríà, ní 2015 yẹn kan náà, wọ́n kọ iye tó yẹ kí ìjọba máa ná sílẹ̀: ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìlú. (Àwọn kan nínú wa a máa pariwo 26 ṣáá. Ẹ jẹ́ ká di èyí tó wà nínú ìwé mú, òun ni wọn kò lè sẹ́.) Ìdá tí ìjọba àpapọ̀ ń yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ kì í sábà pé 10. Náírà orí ìwé ń pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti June 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, ẹni tó bá ra ìwé fún ọmọ mọ ohun tí owó náà kù sí. Ní 2022, UNESCO ní nǹkan bí 20 mílíọ̀nù ọmọ wa ni kò sí ní ilé-ìwé.

Wọn a ní kò sówó. Ní January 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, wọn kò tíì rí epo Oloibiri. Owó kòkó àti owó-orí àwọn bàbá wa ni wọ́n fi ṣe é, ọmọ tó lé ní 800,000 sì wọlé.

Èyí tó dùn wá jù kò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ Abuja nìkan. Òfin ẹ̀kọ́ 2004 ya ìdá 2 nínú owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀. Kí ìpínlẹ̀ tó gbà á, ó gbọ́dọ̀ mú iye kan náà sílẹ̀ láti àpò tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ gómìnà kò mú un wá, owó á jókòó síbẹ̀ lọ́dọọdún, àwa òbí á sì máa ra àga àti bẹ́ǹṣì sí ilé-ìwé tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá ti san irú owó bẹ́ẹ̀, kó mú rìsíìtì wá sí ìpàdé ẹ̀ka. Ẹni tí wọn kò fún ní rìsíìtì, kó sọ iye rẹ̀ fún akọ̀wé. A ó kó wọn jọ lọ bá ìjọba ìpínlẹ̀, a ó sì béèrè iye tí wọ́n ti gbà àti iye tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Abuja.