Ẹ San Owó Iṣẹ́ Ná, Kí Ẹ Tó Ronú Ẹ̀bùn

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ̀yin tí ẹ ń pe ènìyàn wá gbálẹ̀, wá nu wíńdò, wá fọ balùwẹ̀ yín, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Onígàárì a máa wọn kọ́ńgò kún kó tó bu èènì lé e. Kò sẹ́ni tó ń gba èènì dípò ọjà tó sanwó fún. Àmọ́ àwọn kan wà láàárín wa tó jẹ kílínà lówó oṣù méjì, tí wọ́n á wá na ẹgbẹ̀rún kan náírà sí i, wọ́n á ní "ẹ fi mu nǹkan tútù." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ san gbèsè yín.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé òfin kò fi bẹ́ẹ̀ gbèjà wọn. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba gbé owó oṣù tó kéré jù lọ láti 30,000 sí 70,000 náírà. Ṣùgbọ́n òfin náà kò de agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25. Ta ló ní kílínà 25 nínú ilé? Àdéhùn ẹnu tí ẹ jọ ṣe nìkan ló kù tí kílínà lè dì mú.

Owó ọkọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀bùn. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ẹ mọ bí owó dáńfó ṣe gbówó lórí. Bí obìnrin kan bá ń ti Ìkòròdú wá sí Lẹ́kí, tó sì jẹ́ pé iye tí ẹ jọ sọ ṣáájú ìgbà yẹn lẹ ṣì ń san, àpò rẹ̀ ló fi ń gbọ́ bùkátà ìrìn àjò sí ilé yín. Ẹ fi kún un.

Nígbà wo wá ni ẹ̀bùn? Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ju àdéhùn lọ: ẹ ṣe ìsọmọlórúkọ, ìkòkò kún ilẹ̀, ọbẹ̀ dà sórí rọ́ọ̀gì, tàbí ọyẹ́ mú, eruku bo gbogbo ilé. Ẹ san owó wákàtí tó fi kún un, kí ẹ tó wá fi ẹ̀bùn lé e. Ní ìparí ọdún, ní tèmi, owó ọjọ́ iṣẹ́ kan ló kéré jù fún ẹni tó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́run bá ṣe é fún, kó fún un ní ti oṣù kan.

Owó ni kó jẹ́. Aṣọ tó ti gbó àti ọbẹ̀ tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó fẹ́ wọn. Ẹ má sì fi owó sílẹ̀ lórí tábìlì láìsọ nǹkan kan. Gbogbo wa la mọ àwọn tó máa ń fi owó dán kílínà wò bóyá olè ni, òun náà sì mọ̀ wọ́n. Ẹ fi lé e lọ́wọ́, níbi tí àlejò kò sí: "Mà, tiyín nìyí, ẹ ṣeun." Bí ó bá dàgbà jù yín lọ, ẹ má jẹ́ kó kúnlẹ̀.

Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ló rán an wá, ẹ bi í bóyá wọ́n gbà á láyè láti gba ẹ̀bùn, kí ẹ sì fi owó náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì tirẹ̀. Ní Ìlú Ọba, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ṣe iṣẹ́ yìí, òfin ti wà láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2024 pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ bù nínú owó ẹ̀bùn òṣìṣẹ́ fún ara rẹ̀. Níbí, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ rí sí i.

Bí ẹ bá sì ń lọ sílé ọdún, tí ẹ ò ní nílò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tètè sọ fún un, kó lè wá ilé mìíràn tí yóò fi ọjọ́ náà sí.