Gbòǹgbò Tẹ́ẹ́rẹ́, Gbòǹgbò Kúkúrú

Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìwé ìlera sí èdè Yorùbá ni mo ń bá wí lónìí. Ohun kan wà tí àwọn oníṣègùn eyín ń gbìn sínú egungun párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín rẹ̀ ti yọ. Implant ni Òyìnbó ń pè é. Ó dà bí ìṣó tí a ń yí wọlé, tàìtáníọ́mù ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe é, nítorí pé egungun a máa dì mọ́ ọn. Per-Ingvar Brånemark ni ó kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ tọ́jú aláìsàn ní ìlú Gothenburg, ní Sweden, lọ́dún 1965.

Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá kéré, ó rọrùn fún olùtumọ̀ láti kọ “eyín kékeré”. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tí ó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ yóò rò pé eyín tí aráyé yóò rí nígbà tí òun bá rẹ́rìn-ín ni yóò rí bíńtín bí eyín ọmọdé. Èyí tí ó wọ inú egungun ni à ń wọ̀n. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé orí eyín lé e. Èdè wa sì ti ní orúkọ fún apá ìsàlẹ̀ yẹn: gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ kí á máa pè é ní gbòǹgbò àtọwọ́dá.

Ọ̀nà wo ni ó tilẹ̀ gbà kéré? Bí egungun bá fẹ́lẹ́, bí i ti iwájú ìsàlẹ̀, gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wá, ó sì lè tètè kán ju èyí tí ó nípọn lọ. Bí egungun kò bá ga tó, kúkúrú ni wọ́n ń wá, kí ó má baà gún iṣan tí ń jẹ́ kí ètè ìsàlẹ̀ mọ ìfọwọ́kàn. Aláìsàn tí ó fọwọ́ sí “kékeré” kò mọ èwo nínú méjèèjì ni òun gbà.

Àwọn onímọ̀ pàápàá kò fẹnu kò bọ̀rọ̀. Àwọn kan ń pe ohun tí kò tó mìlímítà 10 ní kúkúrú, àwọn mìíràn ní 8. Lọ́dún 2018, ẹgbẹ́ ITI fi ààlà rẹ̀ sí 6. Ní ti ìbú, wọ́n ka èyí tí kò ju 3.5 lọ sí tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tí kò tó 2.5 ni èmi yóò pè ní tín-ín-rín. Òun ni wọ́n sábà fi ń di eyín àtọwọ́dá tí a ń bọ́ sílẹ̀ lálẹ́ mú.

Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà mọ́ ọ̀rọ̀. Télọ̀ kì í kọ “ṣòkòtò kékeré” sínú ìwé rẹ̀. Ó ń kọ ìbàdí, ó ń kọ gígùn. Báyìí ni èmi yóò ṣe kọ ọ́ fún aláìsàn: “Gbòǹgbò àtọwọ́dá tẹ́ẹ́rẹ́, ìbú, mìlímítà 3.3, gígùn, mìlímítà 10.”