Ilé Kì í Ṣe Eré

Láti ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, tí Ìjọba Àpapọ̀ tún ṣí Ilé Eré ńlá tí ó wà ní Ìgànmú, ni àwọn kan ti ń yọ̀ pé eré ìtàgé ti jí dìde. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilé ni ó jí. Eré kò tíì jí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. Ilé náà dára. Ọdún 1976 ni a parí rẹ̀, nítorí àjọ̀dún FESTAC ti ọdún 1977. Ilé ńlá kan ní ìlú Varna ní Bulgaria ni a wò kọ́ ọ. Gbọ̀ngàn rẹ̀ gba 5,000 ènìyàn. Ní ọdún 2024 a fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè é, ó sì yẹ ẹni tí a fún. Ṣùgbọ́n ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. A ń bèèrè: ta ni ọmọ inú ilé yìí, èdè wo ni ó sì ń sọ?

Eré Yorùbá ti wà kí gbọ̀ngàn tó dé. Ní ọdún 1826, Clapperton àti Lander, òyìnbó arìnrìn-àjò, wo eré eégún ní Ọ̀yọ́ Ilé níwájú Aláàfin. Àwọn òṣèré náà kò bẹ̀rù àlejò. Wọ́n fi òyìnbó pàápàá ṣe ẹ̀fẹ̀ lójú ara rẹ̀. Irú ìgboyà bẹ́ẹ̀ ni Hubert Ògúndé jogún. Ní oṣù Òkúdù ọdún 1944 ni ó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́, ti Ọgbà Édẹ́nì, jáde ní Glover Hall. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1945, tí àwọn ará Rélùwéè sì wà níwájú ìjà náà, Ògúndé fi ìyà wọn ṣe eré, ó pè é ní Strike and Hunger. Ó gbé e dé Jos ní ọdún 1946. Ìjọba òyìnbó dá eré náà dúró, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ní ọdún 1964 ó ṣe Yorùbá Ronú. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó jẹ́ ti àwa fúnra wa, kéde pé kò gbọdọ̀ ṣeré ní agbègbè náà mọ́. Ọdún 1966, lẹ́yìn tí ológun gba ìjọba, ni a tó mú òfin náà kúrò.

Kí ni kò jẹ́ kí ẹnu ọkùnrin yìí dí? Owó ìwọlé ni. Ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ láti ìlú dé ìlú. Àwọn awòran ni ó ń bọ́ ọ, àwọn nìkan ni ó sì jẹ ní gbèsè. Bí ó bá jẹ́ pé gbọ̀ngàn ìjọba ni ó gbẹ́kẹ̀ lé, ọjọ́ tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn ni ìtàn rẹ̀ ì bá parí. Ẹnu tí ó bá jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo.

Àwọn kan yóò wí pé níbi gbogbo láyé, ìjọba ni ó ń gbé eré ìtàgé ró. Ẹ jẹ́ kí a wo orílẹ̀-èdè méjì. Ní Amẹ́ríkà, owó awòran àti ẹ̀bùn àwọn ọlọ́rọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà jù lọ. Ní Australia, ọwọ́ ìjọba hàn nínú rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n dá Elizabethan Theatre Trust sílẹ̀ ní ọdún 1954, àwọn ará ìlú dá owó, ìjọba sì fi tirẹ̀ kún un. Ọ̀nà wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ó fi ìdí eré àwọn méjèèjì múlẹ̀: ohùn ẹnu ara wọn. Nínú ilé kékeré kan lórí èbúté apẹja ní Provincetown ni a ti kọ́kọ́ ṣe eré Eugene O'Neill ní ọdún 1916. Ní Melbourne, ní ọdún 1955, Ray Lawler gbé ìtàn àwọn agé-ìrèké jáde ní irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ gan-an, lórí ìtàgé tí ó ti mọ eré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju ti ilé lọ. Ọdún 1973 ni Sydney tó ṣí ilé eré ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Lọ́dọ̀ wọn, eré ni ó ṣáájú ilé.

Àwọn mìíràn ní sinimá ni ó pa eré wa. Sinimá kó nínú rẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn òṣèré ìtàgé fúnra wọn ni ó ṣe sinimá Yorùbá, Ògúndé pàápàá wà nínú wọn. Lẹ́yìn ọdún 1980, gbogbo nǹkan wọ́n gógó, ìrìn òru sì di ohun ìbẹ̀rù. Òṣèré tẹ̀lé ibi tí oúnjẹ wà. Àwa tí a ń pe ara wa ní ọ̀làjú kò sì fà wọ́n sẹ́yìn. A ń san owó gọbọi láti wo eré Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀fẹ́ ni a ń fẹ́ wọlé bí ó bá di ti Yorùbá.

Wọ́n tún ní Èkó jẹ́ ti gbogbo ayé, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì ni ó yẹ orí ìtàgé. Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin ní ọdún 1964, ó sì tún gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1965. Yorùbá ni wọ́n sọ, Yorùbá ni wọ́n kọ lórin. Bí ará Berlin bá lè jókòó wò ó, kí ni ó dé tí ará Ìdí Àràbà kò fi lè wò ó?

Nítorí náà, ohun tí a ń fẹ́ nìyí. Ìjọba Ìpínlẹ̀ ti kọ́ ilé eré sí Orégùn, Ìgándò, Ẹ̀pẹ́ àti Badagry; kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní Yábàá, Sùúrùlérè tàbí Múṣin. Kí a má dúró dè é. Kí àwọn ilé-ìwé wa ṣí gbọ̀ngàn wọn sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèré Yorùbá ní alẹ́ kan lóṣooṣù, kí olúkúlùkù sì san owó ìwọlé, ìjòyè pẹ̀lú mẹ̀kúnnù. Kí ẹ̀yin ìjòyè, bí ẹ bá ń ṣe ìwúyè, pe ẹgbẹ́ òṣèré kan nínú owó tí ẹ ń fi aṣọ ẹbí ṣòfò. Kí àwọn alábòójútó Ìgànmú sì ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún eré ní èdè abínibí, Yorùbá àti ti àwọn aládùúgbò wa.

Bí a bá kọ̀, ilé yóò máa tàn yanran ní Ìgànmú, àwọn ọmọ wa yóò sì máa gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá bí ẹni kọjá lágbàlá onílé mìíràn.