Ewúrẹ́ Orí Àpáta àti Kòkòrò Abẹ́ Ewé



Bí a bá bi àgbẹ̀ ní Adó-Èkìtì pé ta ni ọ̀tá oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ewúrẹ́ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹranko náà kò fi ara pamọ́. Ìran ewúrẹ́ igbó tí ń gbé orí òkè ilẹ̀ Ìránì àti Tọ́kì ni, tí ènìyàn sọ di ẹran ọ̀sìn ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi ń gun àpáta wa bí ẹni gun àtẹ̀gùn. Bí ó bá wọ oko, a ó pariwo, a ó lé e, ọ̀rọ̀ a sì dé ààfin.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀tá tí ó jù ú lọ wà. Kòkòrò funfun kan ni, kò tó ẹyọ ìrẹsì, ara rẹ̀ sì dà bí èyí tí a wọ́n ìyẹ̀fun sí. Ewúrẹ́ igbó a máa fi ẹsẹ̀ gba ara rẹ̀ là. Jíjókòó ni agbára ti kòkòrò yìí. Abẹ́ ewé ni ó ń gbé, tí ó ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu títí ewé yóò fi ká kò. Kò ní akọ. Abo ni ń bí abo. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. A rí i ní Kóńgò ní 1973, kò sì pẹ́ tí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Afẹ́fẹ́ ń gbé ọmọ rẹ̀ kiri, àwa náà sì ń gbé e, nínú ìdì igi ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ.

Ẹlòmíràn lè wí pé ewúrẹ́ ti ba oko opó jẹ́ rí. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n a lè so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, a sì lè tà á san owó ilé-ẹ̀kọ́. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé: ọgbà àti pàṣán kò ràn án.

Ìmọ̀ ni ó ràn án. Ní 1981 a rí kòkòrò náà ní Paraguay, pẹ̀lú agbọ́n tíńtín kan tí ń yé ẹyin sí i lára. Ní ọdún kan náà ni ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn tú agbọ́n náà sílẹ̀, ó sì tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Hans Herren, tí ó ṣíwájú iṣẹ́ náà, gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995.

Nítorí náà, nígbà tí a bá kó àwọn ọmọ lọ sí oko ilé-ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn láti yí ewé wò kí wọ́n tó di igi ẹ̀gẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí ó mọ ewúrẹ́ lé nìkan kò tí ì mọ oko ṣọ́.