Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Ọjọ́ Tí Ó Kọjá Pa Ẹjọ́?

Nínú ìpàdé àríyànjiyàn wa tí ó kọjá, ọ̀ràn kan dé iwájú wa tí ó pín wa sí méjì, tí kò sì parí títí tí agogo àtisùn fi lù. Ọ̀ràn náà ni èyí: bí ẹnìkan bá pe ẹnìkejì lẹ́jọ́ nítorí ilẹ̀, tàbí nítorí gbèsè, tàbí nítorí àdéhùn tí a kò mú ṣẹ, tí òfin dá ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ mú ìwé rẹ̀ wá, tí ọjọ́ náà sì kọjá, ǹjẹ́ ó tọ́ kí adájọ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, kí ẹjọ́ rẹ̀ sì kú láìgbọ́? Àwọn tí ó wí pé ó tọ́ pọ̀ jù wá lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà. A kò rò pé òtítọ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wọn tó bí ènìyàn ti pọ̀, nítorí náà ni a ṣe tọrọ àyè nínú ìwé yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. A kò wí pé kí a má ṣe dá ọjọ́ mọ́. Ẹjọ́ tí kò ní ọjọ́ a máa di ohun ìjà lọ́wọ́ olówó, nítorí ẹni tí ó lè san owó agbẹjọ́rò fún ogún ọdún yóò fi ìdádúró ṣẹ́gun ẹni tí kò lè san án fún ọdún méjì. Ẹjọ́ ilẹ̀ ìdílé kan wà ní Èkó tí a gbé lọ sí ilé ẹjọ́ ní 1960. Lẹ́yìn tí àwọn agbẹjọ́rò ti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wọn, ó ju ọdún kan lọ kí adájọ́ tó dá a ní 1975. Nígbà tí ó sì dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, àṣẹ tí ó jáde ní 1983 ni pé kí a lọ tún un gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogójì ọdún nígbà tí ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ti di arúgbó nígbà náà, bí ó bá ṣì wà láyé. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú ìtàn yìí kò ní fi ọjọ́ ṣeré.

Ṣùgbọ́n ta ni ó pẹ́ níhìn-ín? Adájọ́ ni.

Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa ti 1979 fún adájọ́ ní oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, láti dá ẹjọ́. Ní 1984 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pinnu pé ìdájọ́ tí ó bá jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta náà, òfo ni. Kí ni ó tẹ̀lé e? Ẹni tí ó ti jàre pàdánù àre rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé òun ṣẹ̀, bí kò ṣe nítorí pé adájọ́ pẹ́. Ìjọba tún òfin náà ṣe ní 1985. Òfin ti 1999 tí a ń lò nísinsìnyí dá 90 ọjọ́, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé ìdájọ́ tí ó pẹ́ kò ní wó lulẹ̀ nítorí ìpẹ́ nìkan, àfi bí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ìpẹ́ náà ni ó fi ẹ̀tọ́ du ẹni tí ń ráhùn.

Níhìn-ín ni a fẹ́ kí olùkàwé dúró díẹ̀. Bí adájọ́ bá pẹ́, ẹni tí ó mọ òfin, tí ìjọba sì ń san owó oṣù fún, òfin a bèèrè pé: ta ni ìpẹ́ yìí pa lára? Bí ó bá wá jẹ́ opó kan láti oko, tí agbẹjọ́rò rẹ̀ gbàgbé ìwé rẹ̀ sínú àpótí, èé ṣe tí a kò fi ní bèèrè ìbéèrè kan náà? Òṣùwọ̀n méjì kò yẹ nínú ọjà kan.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni òṣùwọ̀n méjì yìí wà. Ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ẹlẹ́wọ̀n kan fẹ́ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ pé kí a yẹ ẹ̀wọ̀n òun wò, irú ẹ̀bẹ̀ tí wọn kò kà mọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn níbẹ̀. Òfin fún un ní ọjọ́ 14. Adájọ́ ṣèèṣì kọ 17 sínú àṣẹ rẹ̀. Ọkùnrin náà gbẹ́kẹ̀lé ohun tí adájọ́ kọ, ó sì mú ìwé rẹ̀ wá ní ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ní 2007 márùn-ún nínú àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án ti ilé ẹjọ́ wọn tí ó ga jùlọ wí pé ó ti pẹ́, ìlẹ̀kùn ti tì. Àwọn mẹ́rin kọ̀. Àwa wà lẹ́yìn àwọn mẹ́rin náà.

Ọ̀kan nínú àwọn alátakò wa, ẹni tí a mọ̀ pé ó fẹ́ràn Bíbélì rẹ̀, dìde, ó sì rán wa létí àwọn wúńdíá òmùgọ̀ márùn-ún tí a ti ìlẹ̀kùn mọ́. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un. A kò rí èsì fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n a ti rí i nísinsìnyí. Àwọn wúńdíá wọ̀nyí ni ó gbàgbé òróró fúnra wọn. Wọn kò fún ẹnikẹ́ni lówó pé kí ó bá wọn rà á. Olùpẹjọ́ ti san owó òróró ná. Ẹlòmíràn wí pé ẹni tí ó bá pẹ́ dé ibi ìdánwò kò ní wọlé. Òótọ́ ni, àwa pẹ̀lú sì ti jìyà rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ni ìdánwò ń dán wò, nígbà tí ilé ẹjọ́ ń wádìí ẹni tí ó ni ilẹ̀. Bí a bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹnìkan, ẹnìkejì lè máa jẹun lórí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn baba wa sì wí pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ohun tí ó ṣòro jùlọ láti dáhùn kò tilẹ̀ ti ẹnu wọn jáde. Bí ọjọ́ ti ń lọ, àwọn ẹlẹ́rìí ń kú. Ẹni tí a pè lẹ́jọ́ rò pé ọ̀ràn ti parí, ó sì kọ́lé sórí ilẹ̀ náà. Níbi tí ìpẹ́ bá ti ṣe irú ìpalára báyìí, tàbí níbi tí ẹnìkan bá ti sọ ọ́ di àṣà láti máa fi adájọ́ ṣẹ̀sín, a gbà kí ìlẹ̀kùn tì. Bí a ti ń ṣe é ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wa tẹ́ wa lọ́rùn. Oṣù mẹ́ta ni a fún ẹni tí ìdájọ́ ìkẹyìn kò tẹ́ lọ́rùn. Bí ó bá kọjá, ó lè bẹ̀bẹ̀ fún àyè, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí ó fi pẹ́, kí ó sì fi hàn pé ẹjọ́ òun ní láárí. Ẹni tí ó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ ní ẹ̀bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀.

Ní ti ìyà, ìyà gbọ́dọ̀ wà. Ìlànà ilé ẹjọ́ gíga ti Èkó ní 2004 bu 200 náírà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹnìkan bá fi pẹ́. Owó náà kéré lójú wa, kò sì dẹ́rù ba agbẹjọ́rò kan. Kí a sọ ọ́ di púpọ̀, kí a sì kọ ọ́ sínú àṣẹ pé láti inú àpò agbẹjọ́rò tí ó pẹ́ ni yóò ti jáde, kí ó má ṣe rí àyè kọ ọ́ mọ́ gbèsè opó náà.