Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Epo Díísù: Ta Ni Yóò Jẹ Èrè Rẹ̀?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àwọn awakọ̀ láàárín wa ń bi wá léèrè nípa epo díísù tí wọ́n ń fi òróró ẹ̀wà sóyà, epo pupa àti òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan ṣe ní òkè òkun. Wọ́n á po òróró mọ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù àti kọ́sítíìkì, wọ́n á yá a níná díẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí ó tòrò. Epo díísù á léfòó, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á lọ sísàlẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà ni gílísárìn, irú èyí tí àwọn ìyàwó wa fi ń para nígbà ọyẹ́, àfi pé ti ibí yìí dọ̀tí. Nínú 100 kìlógírámù òróró, bíi 10 kìlógírámù rẹ̀ ni yóò jáde.

Nígbà tí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń ṣe epo yìí lọ́pọ̀ yanturu lẹ́yìn ọdún 2000, gílísárìn kún ọjà, owó rẹ̀ sì wó lulẹ̀. Ibi tí ó ti kan òṣìṣẹ́ nìyí. Ní 2006, ilé-iṣẹ́ Dow ti ibi tí wọ́n ti ń ṣe gílísárìn ní Freeport, ní Texas, pa. Àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò fọwọ́ kan epo òróró ẹ̀wà rí.

Dókítà Valerie Dupont àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn ti rí ọ̀nà tí a fi lè sọ gílísárìn yìí di háídírójìn. Oru omi gbígbóná ni wọ́n pò mọ́ ọn. Èròjà kan ń fa afẹ́fẹ́ kábọ́nì mọ́ra, háídírójìn sì bọ́ sí ọ̀tọ̀. Ọkọ̀ tí ó ń fi háídírójìn ṣe iná mànàmáná, omi ni ó ń tú jáde nídìí.

Àwa tí a ń fa èéfín díísù símú láti àárọ̀ dalẹ́ kò ní lòdì sí èyí. Lóòótọ́, ìdá kan nínú mẹ́wàá òróró kò lè wa gbogbo ọkọ̀ ayé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni ọwọ́ tí yóò gbé dúrọ́ọ̀mù. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ṣì máa ń wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn. Òun náà ni ó wọ inú ògógóró ní Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2015, tí ó pa ènìyàn. Ó sì ń fọ́ni lójú. Kọ́sítíìkì ń jó awọ. Háídírójìn kò ní òórùn, iná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn lójú ọ̀sán, ẹni tí ó bá rìn wọ inú rẹ̀ ni yóò mọ̀.

A sì mọ ìṣe àwọn ọ̀gá. Òyìnbó kan á tẹ̀lé ẹ̀rọ tuntun dé, á kọ́ máníjà fún ọ̀sẹ̀ kan, òṣìṣẹ́ á gba ìbọ̀wọ́ kan. (Ẹ rántí ìbọ̀wọ́ èṣí, tí ó ti ya kí a tó wọ̀ ọ́.)

Kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó wọ ibikíbi tí ẹgbẹ́ wa wà, a fẹ́ kí ó wà nínú ìwé àdéhùn pé àwọn tí ó wà nídìí ẹ̀rọ díísù báyìí ni wọn yóò kọ́kọ́ rán lọ kọ́ṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú owó oṣù wọn ní pípé, àti pé ẹ̀rọ tí ń ké bí háídírójìn bá ń jò yóò wà lára ògiri kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀gá bá ní kò sí owó fún ìyẹn, kí ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ ní èbúté.