Kí ẹ tó ra gáàsì, ẹ fọ asẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù yín

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa. Bí kò bá ti mú yàrá tutù mọ́, a óò ní gáàsì ló tán, a óò ránṣẹ́ pe oníṣẹ́, owó á sì jáde lápò. Lójú tèmi, ẹ̀bi tí à ń dì ru gáàsì yìí, ìdọ̀tí ló ni ín lọ́pọ̀ ìgbà.

Gáàsì inú ẹ̀rọ yìí kì í ṣe epo mọ́tò tó ń jó tán. Inú páìpù tí wọ́n dé pa ló ti ń yí lọ yí bọ̀. Bó bá dín kù, ó ń jò níbì kan nìyẹn. Ẹni tó bá ń rọ gáàsì sí i láì wá ibi tó ń jò, inú ajere ló ń rọ omi sí.

Atẹ́gùn inú yàrá ni ẹ̀rọ náà ń fà. Atẹ́gùn yìí á gba inú asẹ́ kọjá, á kan irin tó tutù, á sì padà sínú yàrá. Bí eruku bá dí asẹ́, atẹ́gùn kò ní rọ́nà gbà. Yìnyín lè bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ irin náà, ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi, ooru á sì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará Ìbíadé àti gbogbo Ògùn Waterside gidigidi. Agbègbè olómi ni, ọ̀rinrin pọ̀ níbẹ̀. Bí ọyẹ́ bá sì dé, eruku á gba inú ilé. Bí méjèèjì bá pàdé nínú ẹ̀rọ, òórùn burúkú á máa jáde, àyà ẹni tó ní ásímà lè máa há.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A láti nǹkan bíi N68 sí N225 lórí yúníìtì kan. Ká ní ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù kan ń jẹ yúníìtì kan ní wákàtí kan, tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, yúníìtì 240 nìyẹn, N54,000 lówó N225 yẹn. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára iná sọ pé fífi asẹ́ tó mọ́ rọ́pò èyí tó dọ̀tí lè dín iná tí ẹ̀rọ ń jẹ kù ní ìdá 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. N2,700 sí N8,100 lóṣù nìyẹn. Ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀, epo ló ń fi san tirẹ̀, gbogbo wa la sì mọ ibi tí owó epo gbà lọ látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ lórí rẹ̀ ní 2023.

Iṣẹ́ náà kò le. Ẹ pa iná ẹ̀rọ láti ara ògiri, ẹ ṣí ìdérí iwájú, ẹ fa asẹ́ jáde. Ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbi òjìji títí yóò fi gbẹ, kí ẹ tó dá a padà. Lásìkò ọyẹ́, ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ méjì méjì. Lásìkò mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó. Ẹ gbá ewé àti ìdọ̀tí kúrò lára èyí tó wà níta, ẹ má sì kó ẹrù tì í. Irin inú àti páìpù tó ń da omi jáde, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, lọ́dún.

Ẹ̀yin onílé ìtura, oníkẹ́míìsì àti onígẹ̀rígẹ̀rí, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fọ asẹ́ sínú ìwé. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán tí yàrá kò tutù síbẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ óò bi í nìyí: níbo ló ti ń jò? Bí kò bá lè fi ibẹ̀ hàn yín, ẹ má tíì kówó gáàsì sílẹ̀.